Ọmọ Méjìlá, Ọjọ́ Ìbí Kan, àti Erékùṣù Tí Kò Sí

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí àmì pupa kékeré kan ti ń yọ mí lẹ́nu. Ojú kọ̀ǹpútà ni mo ti rí i ní ọjọ́ Sátidé kan, láàárín agbami òkun, níbi tí ilẹ̀ kankan kò sí. Ilé mọ́dálẹ́ẹ̀sì kan ní Àgbádárìgì níbí ni àmì náà dúró fún. Ilé yẹn kò sí lójú òkun o. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀yìn ọgbà àgbọn kan ló wà, mo sì máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ nígbà tí mi ò bá rí kẹ̀kẹ́ Márúwá wọ̀.

Iṣẹ́ tó fà á kò le rárá. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ kan fẹ́ kó ìrẹsì, ọṣẹ àti tìmùtìmù wá fún gbogbo ilé tí ọmọ ń gbé ní apá ọ̀dọ̀ wa títí dé Sẹ̀mẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé mo ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé, wọ́n ní kí n bá wọn ṣe àkójọ àwọn ilé náà, kí n sì fi wọ́n sórí máàpù, kí dẹ́rẹ́bà wọn má baà máa bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọlọ́kadà káàkiri. Ilé mẹ́tàlélógún ni mo kọ. Ní ojúlé kọ̀ọ̀kan, mo máa ń dúró ní àgbàlá, màá wo nọ́ḿbà méjì tí fóònù bá sọ fún mi pé ibi tí mo dúró sí nìyí, màá sì kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́jọ́ tí mo dé ilé ẹ̀yìn ọgbà àgbọn, bátìrì fóònù mi ti kú. Mo ní màá padà wá, mo sì fi àyè nọ́ḿbà méjèèjì sílẹ̀ lófìfo.

Nígbà tí mo wá ṣí máàpù náà, àmì méjìlélógún tò sétí ọ̀sà bí ẹyẹ lórí wáyà iná. Ìkẹtàlélógún nìkan ló dá dúró ní nǹkan bí 780 kìlómítà sí wa, ní ìsàlẹ̀ Gánà lọ́hùn-ún, nínú omi. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Níbi tí òdo méjì ti pàdé

Kò sí ibi kan láyé tí kò ní nọ́ḿbà méjì tirẹ̀. Àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé, yálà lápá àríwá ni o tàbí gúúsù. Ìkejì ń sọ bó ṣe jìnnà tó, lápá ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn, sí ìlà kan tó gba Greenwich kọjá ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ayé ṣe ń yí ló fún wa ní ìlà agbedeméjì. Ìlà kejì, ènìyàn ló jókòó yàn án: ní ọdún 1884, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n pàdé ní Washington, wọ́n sì gbà pé Greenwich ni kí gbogbo ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìlà náà gba Tema kọjá ní Gánà, ó wọ inú òkun, ó sì ń lọ títí ó fi ká ìlà agbedeméjì ayé mọ́. Níbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, òdo àti òdo ni nọ́ḿbà rẹ̀.

Bí a bá gbàgbé láti sọ ibi tí nǹkan wà fún kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ ètò kì í sọ pé àwọn kò mọ̀. Òdo ni wọ́n máa ń fi dí àyè náà. Bí ilé mi ṣe dé inú òkun nìyẹn. Òun nìkan kọ́ ló sì wà níbẹ̀. Fọ́tò, ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwé, ìjàm̀bá ọkọ̀ láti gbogbo ayé, èyíkéyìí tí akọ̀wé bá ti gbàgbé nọ́ḿbà rẹ̀, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kó wọn lọ. Àwọn tó ń ya máàpù rí i títí ó fi di àwàdà láàárín wọn, wọ́n ní kí ibẹ̀ kúkú máa jẹ́ erékùṣù, wọ́n sọ ọ́ ní Null Island, ìyẹn Erékùṣù Òfìfo. Àwọn kan ṣe àsíá fún un. Àwọn tó ń ṣe máàpù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Natural Earth tiẹ̀ ya ilẹ̀ kékeré sí i, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní òró, kí àṣìṣe tó bá bọ́ síbẹ̀ lè tètè hàn sí wọn.

Ohun tó wà níbẹ̀ lóòótọ́ ni bọ́ì kan, ẹ̀rọ tó ń léfòó lójú omi tí wọ́n so mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, ó ń wọn afẹ́fẹ́, òjò àti ìgbóná omi. Omi ibẹ̀ jìn tó nǹkan bí 5,000 mítà. Iṣẹ́ àjọṣe Amẹ́ríkà, Faransé àti Bràsíìlì ni, orúkọ oríṣiríṣi orin ni wọ́n sì fi ń sọ àwọn bọ́ì wọn. Èyí tó wà níbi òdo àti òdo, Soul ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ wò ó: ibi tí ènìyàn kankan kò gbé, orúkọ tí wọ́n rí fún un ni ọkàn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́ púpọ̀ ṣá.

“Ta wá ni Táyé nínú wa?”

Lọ́jọ́ Ajé, mo gba agbára sínú fóònù, mo padà sí ilé náà láti lọ gba nọ́ḿbà tó yẹ. Mọ́mì tó ń bójú tó ilé náà ní kí n jókòó ná, pé àwọn ọmọ mẹ́rin ń lọ jẹ ìdánwò, kí n bá òun wo fọ́ọ̀mù wọn lórí kọ̀ǹpútà bóyá ó péye. Èmi náà ni mo tẹ orúkọ gbogbo àwọn ọmọ ilé yẹn sínú Excel lọ́dún tó kọjá. Mo ṣí i. Ọmọbìnrin kan tó tó nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án dúró lẹ́yìn àga mi, ó ń kà á kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àwọn ọmọ ibẹ̀ fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí.

Ó na ọwọ́ sí ọ̀wọ́ tí a kọ ọjọ́ ìbí sí. Ó ka 01/01. Ó sọ̀kalẹ̀, ó tún ka 01/01. Ó ń kà á lọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí:

“Àǹtí, ṣé ìbejì ni gbogbo wa ni?”

Mi ò tíì rí èsì fọ̀ tó tún fi béèrè, tọkàntọkàn, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù:

“Ta wá ni Táyé nínú wa?”

Ọmọkùnrin kan láti ẹnu ọ̀nà ní òun ni Ìdòwú. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mọ́mì náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ fọ abọ́. Èmi kà á. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú ìwé náà. Méjìlá nínú wọn, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni gbogbo wọn wá sáyé.

“Kí ni ká wá kọ, ọmọ mi?” Mọ́mì ti rí ojú mi. “Ọmọ tí wọ́n gbé wá bá wa, tí a ò mọ ìyá, tí a ò mọ baba. Fọ́ọ̀mù ní dandan ni. Bí o bá fi í sílẹ̀, á fi pupa kọ ọ́ sí ọ lójú pé o ò tíì parí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ́ wa: ẹ sáà fi January first sí i.” Ó ní lálẹ́ ọdún tuntun, bí àwọn ará àdúgbò bá ń yìn bángà, àwọn kékeré inú wọn máa ń rò pé ọjọ́ ìbí àwọn ni gbogbo ìlú ń ṣe. Òun kì í já wọn nírọ́. Kéèkì kan ló máa ń rà, àwọn méjìlá a jọ gé e.

Ìgbà yẹn ni àmì pupa inú òkun padà sí mi lọ́kàn. Erékùṣù kan náà ni. Ohun tí kọ̀ǹpútà ṣe fún ilé náà ni fọ́ọ̀mù ti ṣe fún àwọn ọmọ inú rẹ̀: ó kó gbogbo ẹni tí a kò mọ ọjọ́ rẹ̀ lọ sí ojúkan, ó wá ń pe ojúkan náà ní ibi tí wọ́n ti wá. Aago inú kọ̀ǹpútà gan-an ní irú rẹ̀. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ bá kú pátápátá tó gbàgbé àkókò, ọ̀pọ̀ wọn a jí pẹ̀lú ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Unix fi òdo aago wọn sí. Ṣùgbọ́n fóònù, bó bá ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á tún aago rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀.

Òdo kọ́ ni òfìfo

Ẹ jẹ́ kí n fi gbèsè ṣàlàyé rẹ̀. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ìyá tí mo ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà Àgbàlátà, tí mo ní, “Mọ́mì, èló ni mo jẹ yín?” tí ó ní, “O ò jẹ mí ní kọ́bọ̀,” mo lè máa jó lọ sílé. Bó bá ní, “Mi ò tíì wo ìwé,” mo gbọ́dọ̀ dúró. Òdo ni èsì àkọ́kọ́, òfìfo ni ìkejì, gbogbo ọlọ́jà ló sì mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀. Òdo jẹ́ ìdáhùn, ẹni tó bá sọ ọ́ ti mọ nǹkan kan. Òfìfo ń sọ pé ká ṣì máa béèrè. Fọ́ọ̀mù tí kò gba òfìfo ti fi tipátipá sọ olóòótọ́ ènìyàn di òpùrọ́, yóò sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ti parí.

Irọ́ náà kò sì ní wà láfẹ́fẹ́ lásán, ó gbọ́dọ̀ bà lé nǹkan. Ní Kansas ní Amẹ́ríkà, oko kan wà nítòsí ìlú kékeré tí wọ́n ń pè ní Potwin. Ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn ènìyàn wá ibi tí kọ̀ǹpútà wà máa ń dé ibi tí kò ti mọ̀ ju pé Amẹ́ríkà ni kọ̀ǹpútà yìí wà lọ. Dípò kí wọ́n dákẹ́ síbẹ̀, wọ́n a fi í sí ojúkan nítòsí àárín orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì gé nọ́ḿbà rẹ̀ kó lè rọrùn: 38 àti 97. Orí oko yẹn gan-an ló bọ́ sí. Àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó lé ní 600 mílíọ̀nù ni wọ́n kó jọ sórí rẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá tí ọlọ́pàá àti àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì ń wá kan ilẹ̀kùn àwọn tó ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n ń pè wọ́n ní olè, títí akọ̀ròyìn kan fi tú u síta ní 2016. Kí ni ilé iṣẹ́ náà wá ṣe? Wọ́n gbé àmì náà lọ sí àárín adágún omi kan.

Omi kì í bínú, ìyẹn yé mi. Bí àìmọ̀ wa bá gbọ́dọ̀ níbi tí yóò sùn, kó lọ sùn sínú omi. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í ṣe adágún.

“Nǹkan bí”

Àwọn àlejò tó máa ń wá ilé náà ní àjọ̀dún àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti sọ fún wọn pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Mo ti gbọ́ ọ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ara mi a máa bù máṣọ. Ta ló gbàgbé níbẹ̀? Ẹni tí wọn kò sọ fún kọ́ ni ẹni tó gbàgbé.

Àwa tí a wà ní Àgbádárìgì, ó yẹ kí èyí tètè yé wa. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1845 ni Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ síbí, kó tó kọjá lọ sí Abẹ́òkúta. Kò sí ọmọ ilé ìwé tí wọn kò tíì mú lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà ní Màrínà. Ẹ wá ọjọ́ ìbí rẹ̀ nínú ìwé, ohun tí ẹ ó rí ni “nǹkan bí ọdún 1809.” Ẹni tó ṣe aṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, nǹkan bí ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà tó fúnra rẹ̀ kọ ní 1837, ó rántí òwúrọ̀ tí wọ́n kó Òṣogùn, ìlú rẹ̀, ní 1821: ojú ọjọ́ dára, oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n ń tọ́jú lọ́wọ́, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ni ariwo ta pé ogun dé. Ó kọ ohun tó mọ̀, ó sì dúró síbi tí ohun tó mọ̀ dúró sí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ní 1846, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Kò sí ẹni tó fi January first dí àyè yẹn fún un.

Àwọn baba wa náà kò kọ ọjọ́ sílẹ̀, síbẹ̀ wọn kò parọ́ ọjọ́. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bí ilé bá sì ṣókùnkùn, wọ́n á wo ọ̀nà. Abíọ́nà: ojú ọ̀nà la ti bí i. Ta ni, ibo lọ̀nà náà já sí, ọjọ́ wo? Orúkọ náà kò sọ. Abíọ́dún: àkókò ọdún ni, kò sọ ọdún wo. Ìwọ̀n tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n fi sínú rẹ̀, ìyókù wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Gbogbo fọ́ọ̀mù tí mo ti bá kọ́sítọ́mà tẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, mi ò tíì rí ọ̀kan tó láyè fún “nǹkan bí.”

Ìwé Mọ́mì

Èyí ni mi ò fẹ́ kọ. Kí Excel tèmi tó dé, ìwé háádìkọ́fà kan ni Mọ́mì ń lò. Òun ló fún mi lọ́dún tó kọjá pé kí n dà á sínú kọ̀ǹpútà. Lójú ewé ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó kọ gbogbo ohun tó rí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ náà dé. Mo rántí pé mo rí àwọn ìkọ̀wé gígùn yẹn. Mo rántí pé mo fò wọ́n. Ọ̀wọ́ tí mo ṣe sínú Excel kò ju márùn-ún lọ: orúkọ, ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo, kíláàsì, ọjọ́ tó wọlé. Níbi tí ọjọ́ ìbí kò bá sí, èmi fúnra mi ni mo tẹ 01/01, nítorí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo fi parí gbogbo rẹ̀. Owó mi pé.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, mo ní kí Mọ́mì jọ̀ọ́, kó bá mi mú ìwé náà wá. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti yọ ọ́, ikán ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí rẹ̀. Mo wá ojú ewé ọmọbìnrin tó ń wá Táyé. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ohun tó wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe lọ nìyí:

“Oṣù December 2016. Ọmọbìnrin. Ìdí ìsọ̀ ẹlẹ́ja ni wọ́n ti rí i lọ́jọ́ ọjà. Ó ti ń dá jókòó, kò tíì rá. Eyín méjì nísàlẹ̀. Aṣọ àdìrẹ ni wọ́n fi pọ̀n ọ́n, ẹni tó pọ̀n ọ́n mọ ọmọ pọ̀n, ó dì í dáadáa. Kò sunkún. Ó mu ẹ̀kọ tán.”

Ọmọ tó ń jókòó tí kò tíì rá, tí eyín méjì ti yọ, á tó nǹkan bí oṣù méje sí mẹ́jọ. Ẹ kà á sẹ́yìn láti oṣù Ọ̀pẹ: ìparí Igbe tàbí oṣù Èbìbí. Ọmọ àsìkò òjò ni, kì í ṣe ọmọ ọyẹ́. Ọdún mẹ́jọ ni ìmọ̀ yìí ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èmi ni mo sì dé tí mo fi òdo pa á rẹ́.

Mi ò lè yí ti fọ́ọ̀mù ìdánwò padà, 01/01 ló ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Mọ́mì ní bí a bá yí i, tí kò bá ìwé ilé ìwé wọn mu, wàhálà ni. Àmọ́ mo ti ṣí ọ̀wọ́ kẹfà nínú Excel, mo sì ń da ìwé háádìkọ́fà náà sínú rẹ̀ lọ́rọ̀ kan lọ́rọ̀ kan. Mi ò gba owó lórí èyí. Nọ́ḿbà ilé náà, mo gbà á kí n tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà: 6.4 ní àríwá, 2.9 ní ìlà oòrùn, ní ṣókí. Àmì pupa ti kúrò lójú òkun, ó ti dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ létí ọ̀sà.

Mọ́mì gbà mí láyè kí n ka ojú ewé náà fún ọmọ náà. Ó ní kí n fi ìdí ìsọ̀ ẹlẹ́ja sílẹ̀ títí yóò fi dàgbà díẹ̀ sí i, mo sì fi í sílẹ̀. Mo ka ti àdìrẹ fún un, mo ka pé ẹni tó pọ̀n ọ́n dì í dáadáa, mo ka ti ẹ̀kọ. Ó ní kí n tún ka ti eyín. Mo tún un kà. Ó fi ìka kan eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó rò ó díẹ̀.

“Àwọn yẹn ti yọ, Àǹtí,” ó ní. “Mo ti jù wọ́n sórí òrùlé, kí alángbá má baà rí wọn.”